Ẹni Tó Rin Ilẹ̀ Náà Lẹ́ẹ̀kejì

Aránṣọ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé òkú rin ilẹ̀ àbàtà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìjọba gbà á gbọ́, wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀.

Obìnrin náà kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe òpùrọ́. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í gé aṣọ oníbàárà kù. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù, á ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, á gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì káńsù wọlé, á bá àwọn tí wọ́n ń pè ní Ìgbìmọ̀ Olùdámọ̀ràn lórí Ilẹ̀ àti Omi jókòó. Orúkọ yẹn gùn ju agbára wọn lọ. Wọn kò gba owó oṣù. Wọn kò lè dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé sí ibi tó sún mọ́ odò tàbí àbàtà, wọ́n á lọ wo ibẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n á gbé e fún káńsù. Káńsù lè gbà á, káńsù sì lè fi nu bàtà. Ṣùgbọ́n òfin ní wọn kò gbọdọ̀ buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ìwé ìgbìmọ̀ kò bá sí nínú fáìlì. Wọ́n wá dà bí okùn ṣòkòtò: kò sẹ́ni tó ń yìn ín, àfi ọjọ́ tó bá já.

Ẹni mẹ́rin ni wọ́n. Káfíńtà kan wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, aránṣọ tó jẹ́ akọ̀wé wọn, àti olórí wọn, bàbá arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ awọnlẹ̀ rí. Gbogbo ìlú ń pè é ní Bàbá Bàtà, nítorí pé òjò ni o, ọ̀gbẹlẹ̀ ni o, bàtà rọ́bà tó dé orókún ló máa ń wọ̀. Bàtà yẹn tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí ó bá ń bọ̀, èèyàn á máa gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni ń fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀: fàà-pọ̀, fàà-pọ̀.

Bàbá Bàtà ní ìlànà kan. Ẹ rìn ín ní gbígbẹ, ẹ rìn ín ní tútù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí èèyàn rin ilẹ̀ kó tó la ẹnu nípa rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún méjì ló fi bá káńsù jà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù: àyè kan fún ìrìn kìíní, àyè kan fún ìrìn kejì.

"Ilẹ̀ dà bí àna," ó máa ń sọ fún wọn. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lọ kí i, ẹ̀rín ló máa rín sí yín. Ẹ padà lọ lọ́jọ́ tínú bá ń bí i."

"Àna tèmi ò rẹ́rìn-ín rí, Bàbá," káfíńtà á dáhùn.

"Ìyẹn mọ irú ẹni tó fọmọ fún."

Ọdún kan, káńsù gbé ìwé wá pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé méjìlá sórí ilẹ̀ gbalasa kan ní ìsàlẹ̀ ìlú, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ rìn ín nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Koríko ti gbẹ, ilẹ̀ le bí àwo, eruku ń sọ. Bàbá Bàtà ti ọ̀pá irin rẹ̀ bọ ilẹ̀. Ìpele òkè le díẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀pá wọlé wẹ́rẹ́ títí dé ibi tó fọwọ́ dì mú. Kò dún. Bàbá dúró, ó ń wo ọ̀pá náà bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ sí létí.

"Ilẹ̀ yìí ń sùn ni," ó ní. "Ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kójò dé."

Aránṣọ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ó kọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọ pé ilẹ̀ gbẹ, ó le, àwọn kò rí omi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Òjò kò tíì dé tí Bàbá Bàtà fi kú. Ó jókòó sórí àga láàárọ̀, kò dìde mọ́. Wọ́n sin ín. Bàtà rọ́bà rẹ̀ kejì, tó máa ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì ní yàrá ìpàdé, kò sẹ́ni tó rántí gbé e.

Nígbà tí òjò dé, wọ́n dá ọjọ́ ìrìn kejì. Káfíńtà ránṣẹ́ pé òun ní ilẹ̀kùn mẹ́fà láti gbé kọ́. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀yìn ń dun òun. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú agboòrùn lọ́wọ́, ó wo òjò, ó wo ogójì aṣọ ilé-ìwé tí kò tíì ṣẹ́ etí wọn, ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀tunla. Nígbà tó yá, akọ̀wé káńsù wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọkùnrin yẹn ní ẹnu dídùn. Ó lè sọ fún èèyàn pé ilé rẹ̀ ń jó, kí onítọ̀hún sì dúpẹ́.

"Ìyá aránṣọ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin òpó ìlú."

"Òpó kọ́, igi ìdáná ni. Kí lẹ wá wá?"

"Fọ́ọ̀mù ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni, mà. Ọ̀la ni káńsù ń jókòó. Bí kò bá wọ fáìlì lónìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

"A ò tíì rìn ín ní tútù."

"Mo mọ̀. Àyè ìrìn kejì nìkan ló ṣófo. Ẹ bá mi dí i, ẹ jọ̀ọ́. Ìmọ̀ràn lásán ṣáà ni, mà. Káńsù ló ń pinnu."

Bí kì í bá ṣe ti ìyá rẹ̀ ni, bóyá ì bá lé e jáde. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú ilé méjìlá náà, ọ̀dọ̀ àbúrò yìí sì ni ìyá wọn ń gbé, ní àjà kẹta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Orókún ìyá ti kọ iṣẹ́. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ojú fèrèsé ló ti ń kí àwọn èèyàn. Ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ní ẹnu ọ̀nà tí ìyá lè jókòó sí: ohun tí aránṣọ rò nìyẹn, kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ṣí ìwé ìrìn kìíní sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dà á kọ, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ṣe ń tẹ́ àpẹẹrẹ lé aṣọ tuntun, tí á gé e yípo láìronú. Ilẹ̀ le. Àwọn kò rí omi. Àwọn tó rin ilẹ̀ náà nìwọ̀nyí. Ó yí ọjọ́ padà. Kò pẹ́ tó ìgbà tí ìbá fi ṣẹ́ etí aṣọ kan. Káfíńtà buwọ́ lù ú láìkà á. Nọ́ọ̀sì kò rí awò rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ìka han òun ibi tí òun máa buwọ́ lù.

Wọ́n kọ́ ilé náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìyá lọ, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó tójọ́ mẹ́ta." Àbúrò sunkún. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn ún.

Òjò àkọ́kọ́ dé bá wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọ̀ dúdú kan jáde lára ògiri, láti ilẹ̀ títí dé orókún èèyàn, ó rí gbọọrọ bí ẹni fi téèpù wọ̀n ọ́n. Nínú ilé méjèèjìlá, ibì kan náà ló dé dúró. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ jókòó tì í nínú yàrá. Ìyá kọjú sí fèrèsé ẹ̀yìn.

"Ta ni bàbá tó máa ń kọjá lẹ́yìn ilé yìí?" ìyá bi í.

"Bàbá wo, Màámi?"

"Èyí tó ń wọ bàtà òjò. Ojú mi ò mú ojú ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Fàà-pọ̀, fàà-pọ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Àgbàyà."

Ìyá kò mọ Bàbá Bàtà rí. Láti àjà kẹta, ta ni yóò mọ̀? Aránṣọ dìde lọ wo ìta fèrèsé. Ògiri ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀, kò jìnnà tó apá kan. Ewúrẹ́ gan-an kò lè gba àárín yẹn kọjá.

"Bóyá púlọ́ńbà ni, Màámi."

"Púlọ́ńbà wo ló ń wá lójoojúmọ́ tí kì í gbowó? Àná, ó dúró. Ó na ìka méjì sí mi, báyìí. Mo ní, kí ló dé, èèyàn méjì lò ń wá ni? Ó ṣáà na ìka méjì."

Ikọ́ mú un. Aránṣọ di èjìká rẹ̀ mú títí ikọ́ fi lọ.

Láti ibẹ̀, ó lọ tààrà sí yàrá ìpàdé, ó fa fáìlì yọ. Ó ka ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Orúkọ mẹ́rin wà níbẹ̀, ti Bàbá Bàtà ló sì ṣáájú. Ó ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìwé yẹn ní Bàbá rin ilẹ̀ náà, ó ti lo ọjọ́ mọ́kàndínlógójì nínú sàréè. Àwọn mẹ́ta tó kù nínú ìwé náà, ilé ni wọ́n wà lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹnì kan bá máa rìn ín fún wọn, ẹni náà kò ju ọ̀kan lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ó fi ìka kan bàtà náà. Ẹrẹ̀ ara rẹ̀ tutù.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, aránṣọ mú ọ̀pá irin, ó lọ rin ilẹ̀ tó yẹ kó ti rìn tipẹ́. Ó gba àárín àwọn ilé náà. Níbi tí wọn kò da símẹ́ǹtì sí, ó ti ọ̀pá bọlẹ̀, ọ̀pá wọlé bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ fóòmù, omi sì rú yí i ká, ó dúdú, ó ń hó. Ó lọ síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì, ó ń fà á yọ. Ó gbọ́ ìró ẹlòmíì lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró. Ìró náà gbé ẹsẹ̀ kan sí i kó tó dúró. Kò wẹ̀yìn. Ó rin ilẹ̀ náà títí dé òpin, nítorí pé kò gbójúgbóyà láti yí padà, ó sì gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ sá lọ sílé.

Ó lọ bá akọ̀wé káńsù. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, yàtọ̀ sí ti bàtà.

Ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò pè é ní òpó ìlú. "Ẹ gbọ́, ìyá. Ọwọ́ ta ló wà nínú ìwé yẹn? Tèmi ni? Bẹ́ ẹ bá la ẹnu, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Èkejì, wọ́n máa wó ilé yẹn. Níbo ni ìyá yín máa wá gbé? Àjà kẹta?"

Ọ̀rọ̀ náà di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Aránṣọ wá gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kí ìyá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

"Níbo, Àǹtí mi?" àbúrò bi í. "Ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín ẹ̀rọ àti àjákù aṣọ? Ṣé ilé mi ni ò dáa ni?"

"Afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ mi dáa fún ikọ́ rẹ̀."

"Ilé tó wu Màámi nìyí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú wọn lórí àjà kẹta, ẹ ò sọ pé afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ yín dáa. Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n gbádùn díẹ̀."

Gbólóhùn kan ló kù tí aránṣọ ì bá sọ. Ó dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Ògiri gbẹ, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ikọ́ ìyá rọlẹ̀, bàbá ẹ̀yìn ilé kò sì kọjá mọ́. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó ní bóyá ó ti tán. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn fún oṣù márùn-ún, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí pé òun náà ti gbọ́ ọ rí pé ilẹ̀ yẹn ń sùn ni.

Òjò kejì mú àwọ̀ dúdú náà dé ìbàdí. Ilẹ̀kùn kò tì mọ́. Olú hù lẹ́yìn ibùsùn ìyá. Nígbà tí aránṣọ wọlé lọ́jọ́ Àìkú kan, ó gbọ́ fàà-pọ̀, fàà-pọ̀, ó sì sáré lọ sí fèrèsé. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó yí padà. Àyà ìyá rẹ̀ ló ń dún bẹ́ẹ̀. Èémí ìyá ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn, káńsù pe ìpàdé gbogbogbòò lọ́sàn-án, nítorí pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé méjìlá mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ti ìṣáájú. Àwọn onílé wá ṣàròyé nípa ògiri, àbúrò aránṣọ wà láàárín wọn. Alága káńsù dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ tó dùn bí orin.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn wa. Ògiri tuntun máa ń làágùn. Ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn wa, àwọn tí ìmọ̀ràn wọn ṣe iyebíye, rin ilẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, ní gbígbẹ àti ní tútù. Ìwé wọn rèé lọ́wọ́ mi."

Aránṣọ dìde.

"Ẹ bá wa ka orúkọ àwọn tó rìn ín lẹ́ẹ̀kejì," ó ní.

Alága kà á. Nígbà tó pe orúkọ Bàbá Bàtà, àwọn kan ní "Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

"Ọjọ́ wo ló wà níbẹ̀?"

Alága ka ọjọ́ náà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbọ̀ngàn. "Háà, bàbá yẹn mà lágbára o! Ó ti kú tán kó tó lọ sẹ́nu iṣẹ́!" Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan, lẹ́yìn náà ó kú díẹ̀díẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń ka ọjọ́ lọ́kàn wọn.

"Kò sẹ́ni tó rìn ín lẹ́ẹ̀kejì," aránṣọ wí. "Ilé la jókòó sí. Èmi ni mo kọ ọ́. Àbàtà ni ilẹ̀ yẹn. Ẹ kó àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀."

Ariwo sọ. Káfíńtà gbé ojú sílẹ̀. Akọ̀wé káńsù ti wá ọ̀nà jáde. Láàárín ariwo náà, àbúrò rẹ̀ ń rìn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ó fi dé iwájú rẹ̀.

"Àǹtí mi, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Ó lè purọ́ níbẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Láti òjò èṣí."

"Òjò èṣí." Àbúrò tún un sọ bí ẹni ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ fún mi, ẹ ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

"Màámi ń wúkọ́ níwájú rẹ fún ọdún kan gbáko, ìwọ mọ ohun tó ń pa á, o wá ń bi mí bóyá ó jẹun."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ" rí. Kò pariwo. Ó yí padà, ó jáde.

Káńsù wó ilé méjèèjìlá kí ọdún tó parí. Wọ́n yọ aránṣọ nínú ìgbìmọ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti lo ọjọ́ méjì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Gbogbo ìyẹn kò dùn ún. Kó tó jáde ní àgọ́, àbúrò rẹ̀ ti kó ìyá àti ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n ti lọ sí ìlú mìíràn. Kò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó sì yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà. Aránṣọ bi ará àdúgbò, ó bi àwọn ará ilé ọkọ àbúrò. Wọ́n ní àbúrò ti ní káwọn má sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, oníbàárà kan tó ń nájà láti ìlú kan dé ìkejì wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mà, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Màámi sùn dáadáa."

Ọwọ́ aránṣọ dúró lórí ẹ̀rọ. "Màámi ta ni?"

Obìnrin náà wò ó, ẹnu rẹ̀ là. "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ti sin wọ́n láti ọjọ́ Ajé. Mo rò pé ẹ wà níbẹ̀ ni."

"Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

Obìnrin náà kò mọ̀. Ọ̀nà ló ti gbọ́ ọ. Ó gba aṣọ ọmọ rẹ̀, ó bẹ aránṣọ kó má bínú, ó lọ. Àbúrò kò sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó lè sọ fún un, ọdún mẹ́sàn-án sì rèé, aránṣọ kò mọ sàréè ìyá rẹ̀.